Síkáànù Oyún: Ẹ Bi Wọ́n Pé Kí Ni Wọ́n Ń Wá

"Ṣé ẹ̀rọ yìí kò ní pa ọmọ mi lára?" Kò sí ìbéèrè tí àwọn aboyún ń bi mí tó èyí bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ tán, ó sì yẹ lóhun tí à á dáhùn dáadáa. Ìró ni síkáànù ń lò, kò sí ìtànṣán X-ray nínú rẹ̀ rárá. Ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ. Èyí tí a ń gbé lé ikùn aboyún sábà máa ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù 2 sí 5 ìgbà. Ó ń wọlé, ó ń kan ara ọmọ, ó sì ń padà bí ohùn ẹni tó pariwo lẹ́sẹ̀ àpáta. Ohun tó padà yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán. Gel tí a ń fi sí ikùn kì í ṣe oògùn. Afẹ́fẹ́ ló máa ń dí ìró náà lọ́nà, gel ni a fi ń lé e kúrò.

Láti ọdún 1958, tí dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, ní Scotland, ti gbé iṣẹ́ wọn jáde, ni àwọn oníṣègùn ti ń lo ìró yìí fún aboyún. Títí di òní, kò sí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ pé síkáànù tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe nítorí ìlera ń pa ọmọ lára. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ìró tó wọ ara lè mú ẹran ara gbóná díẹ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà TI fi máa ń hàn lójú ẹ̀rọ, láti sọ bí gbígbóná náà ṣe lè tó. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ká lo agbára tó kéré jù lọ, ní àkókò tó kúrú jù lọ, tí a ó fi rí ìdáhùn tí à ń wá.

Doppler, ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ síkáànù ń gbà ṣiṣẹ́, ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù. Ó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn, ó sì ń jẹ́ ká gbọ́ lílù ọkàn ọmọ, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ń kó agbára lé. Nígbà tí oyún kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 10, kò yẹ ká tan Doppler nítorí kí ìyá ṣáà lè gbọ́ ohùn ọkàn ọmọ. A lè fi ìlà tí ẹ̀rọ ń yà ka lílù ọkàn náà, pẹ̀lú agbára tó kéré gan-an sí i.

Kí ẹ tó gun bẹ́ẹ̀dì, ẹ béèrè pé: kí ni síkáànù yìí fẹ́ sọ fún wa? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ìdáhùn rẹ̀ ṣe kedere: ṣé inú ilé-ọmọ ni oyún wà, ṣé ọmọ kan ni àbí ìbejì, ọ̀sẹ̀ mélòó ni? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí a bá wọn ọmọ láti orí dé ìdí, àṣìṣe ọjọ́ orí oyún kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ó bá di oṣù kẹjọ, àṣìṣe náà lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ọmọ kan ti sanra, òmíràn sì tín-ín-rín. Ẹ wo ìnira tó wà níbẹ̀ fún dókítà tó gbọ́dọ̀ pinnu bóyá oyún ti kọjá àkókò tàbí ọmọ kò tíì gbó. Ẹ tọ́jú ìwé síkáànù àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe ń tọ́jú owó. Bí ti ìgbẹ̀yìn bá sọ ọjọ́ mìíràn, ti àkọ́kọ́ ni a ń dì mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dámọ̀ràn ní ọdún 2016 pé kí gbogbo aboyún ṣe síkáànù kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni a ń yẹ ẹ̀yà ara ọmọ wò fínnífínní.

Àmọ́, bí ara bá le, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tàbí inú rírun, ẹ má yá jù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó lè jẹ́ àpò oyún nìkan la máa rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé oyún ti bàjẹ́ nítorí pé kò rí ọkàn tó ń lù nígbà tí ọlẹ̀ kò tíì gùn tó mìlímítà 7. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bákan náà, bí wọ́n bá ní olóbì, ìyẹn ibi ọmọ, wà nísàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 20, ẹ má sunkún. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò ti lọ sókè bí ilé-ọmọ bá ṣe ń tóbi, a ó sì tún un wò nígbà tó bá tó ọ̀sẹ̀ 32.

Síkáànù kò lè rí gbogbo àbùkù ara, ìwọ̀n ọmọ tó ń sọ sì lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yà sí òótọ́, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe é nítorí fídíò ìrántí nìkan.

Àwọn ẹ̀rọ Doppler kékeré tí àwọn kan ń rà sílé ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe nítorí ìró inú wọn nìkan. Ìyá lè gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tó ń ṣàn, kó rò pé ọkàn ọmọ ni. Bí ọmọ bá dín mímira kù lójijì, ohunkóhun tí ẹ̀rọ yẹn ìbáà sọ, ẹ má dúró di ọ̀la: ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí.