Sókótó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ná ọjà yìí

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣèlú léèrè ibi tí àṣà "yé fìyà jẹ ènìyàn kí n tó bá ọ ṣòwò" ti ṣẹ̀, Washington ni wọ́n máa tọ́ka sí. Wọ́n á ní òfin Jackson-Vanik ti 1974 ni, tó fi ojúure ọjà Amẹ́ríkà du Sófíẹ́ẹ̀tì torí àwọn Júù tí wọn ò jẹ́ kó jáde nílùú. Èmi tí mò ń gbé Sókótó ò gbà.

Oṣù Kẹta 1824 ni Clapperton, ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ìlú yìí. Ẹ yé kó ẹrú lọ sétíkun, ọba wa á bá yín ṣòwò: ohun tó bá wá nìyẹn. Súlútánù Muhammadu Bello náà mọ ọjà í ná. Ó kọ lẹ́tà sí Ọba George Kẹrin pé òun gbà, wọn ò ní ta ẹrú fún Dàhọ̀mì àti Àṣáńtì mọ́. Àmọ́ kí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ìlú Ráká, kó kó àgbá méjì wá, pẹ̀lú ẹ̀tù àti ìbọn. Ọ̀rọ̀ ẹrú ni wọ́n ń sọ o, ẹ̀tù ló ń rùn!

Tèmi ni pé ọgbọ́n yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé. Ẹnu ibodè ni ọba ti ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò, ìlú tó bá ṣẹ̀ ẹ́, á ti bodè mọ́ wọn. Ṣebí aṣọ́bodè la ṣì ń pe kọ́sítọ́ọ̀mù dòní.

Clapperton padà wá ní 1826, ó gba Àgbádárìgì àti Ọ̀yọ́-Ilé wá. Bello ń bá Bọ̀nú jagun lọ́wọ́, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀bùn tí àlejò náà gbé dání fún Al-Kanemi, olórí Bọ̀nú. Ọjà fọ́. Oṣù Kẹrin 1827 ni Clapperton kú síbí.

Àwọn ará Èkó á ní January 1852 ni, nígbà tí Ọba Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé fún Gẹ̀ẹ́sì pé òun ò ní ta ẹrú mọ́. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi àgbá fọ́ ìlú? Ìyẹn kì í ṣe ìdúnàádúrà.

Ìyókù ò gùn. Ní 1994, Ààrẹ Clinton ti Amẹ́ríkà yọ ẹ̀tọ́ ènìyàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọjà Ṣáínà. AGOA, òfin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ kí ọjà Áfíríkà wọlé láìsan owó bodè, dé ní 2000. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024, wọ́n yọ Nìjẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ torí àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba. Àwa náà ti ti bodè mọ́ Nìjẹ̀ ní 2023, kí Amẹ́ríkà tó ṣe tirẹ̀. Nígbà náà, tírélà tò sílẹ̀ ní Ìllélà, ẹnubodè wa pẹ̀lú Nìjẹ̀, kò síbi tí wọ́n lè gbà.