Ihò tó ti wà lára irin: bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́ lójú àti bí wọ́n ṣe ń sún un

Ká ní pọ́ǹpù omi ilé kan l'Ákóbọ̀ jóná, wọ́n ra òmíì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n gbé e lé orí ìjókòó irin tí wẹ́dà ti ṣe síbẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ihò mẹ́rin ló wà lára ìjókòó yẹn, bóòtù kékeré ni wọ́n lu wọ́n fún, pọ́ǹpù tuntun yìí ń fẹ́ bóòtù tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé mẹ́ta nínú ihò yẹn bá ẹsẹ̀ pọ́ǹpù mu rẹ́gí, ẹ̀kẹrin wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kò tiẹ̀ tó mílímítà méjì, bóòtù ò sì wọlé. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí wọ́n mú bíìtì tó tóbi díẹ̀ kí wọ́n fi dírílì lu ú. Ihò á fẹ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ kò ní sún, ibi tó wà náà ló ṣì máa wà, wọ́n á tún mú bíìtì tó tóbi ju ìyẹn lọ, wọ́n á tún lu ú, títí orí bóòtù fúnra ẹ̀ á fi fẹ́ máa já sínú ihò.

Bíìtì ò mọ ibi tó yẹ kí ihò wà, ibi tí ihò ti wà tẹ́lẹ̀ ló mọ̀. Fáìlì, ìyẹn irin eléyín tí wọ́n fi ń fá irin, ló ń sún ihò, bíìtì kàn ń bá a parí ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti di èyí mú, ìyókù á rọrùn fún un.

Ẹ wo ẹnu bíìtì dáadáa, ẹ máa rí i pé ojú méjì ló fi ń gé, àwọn méjèèjì wà lókè níbi ṣóńṣó, wọ́n pàdé láàárín. Ẹ̀gbẹ́ bíìtì tó lọ́ bí okùn yẹn kì í gé nǹkan kan, ó kàn ń fara ra ihò lásán ni, ọ̀nà tí èérún irin ń gbà jáde ló jẹ́. Tí wọ́n bá ń lu irin tí ò tíì ní ihò, ṣóńṣó yẹn á jókòó sínú ojú pọ́ńṣì (àmì tí wọ́n fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti òòlù tẹ̀ sára irin), ibẹ̀ ló máa fi ṣe ìdí, kò ní yẹ̀. Àmọ́ tí ihò bá ti wà níbẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ni ṣóńṣó wà, kò fara kan nǹkan kan, igun méjèèjì tó wà níta nìkan ló ń jẹ irin, tí irin bá sì wà yíká bákan náà, bí igun kan ṣe ń fà síbí ni èkejì ń fà sọ́hùn-ún, bíìtì á wá dúró sáàárín ihò àtijọ́ gẹ́lẹ́. Bí èèyàn bá wá sọ pé òun á fi agbára tẹ dírílì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè gé ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, bíìtì á tẹ̀ tàbí kó kán, ihò ò ní kúrò níbi tó wà.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin rárá, ìṣirò kékeré kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, òun ló máa sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ẹ yọ fífẹ̀ ihò àtijọ́ kúrò nínú fífẹ̀ ihò tuntun, kí ẹ pín ohun tó kù sí méjì, iye yẹn ni ìwọ̀n tí ihò lè sún tí ojú ihò àtijọ́ ò fi ní yọ síta. Ti pọ́ǹpù wa yìí, ihò àtijọ́ jẹ́ mílímítà 7, a fẹ́ kó di 11, ohun tó kù jẹ́ 4, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 2. Tí ihò ẹ̀kẹrin bá yà pẹ̀lú mílímítà 1.5, a jẹ́ pé ihò tuntun á gbé ti àtijọ́ mì pátápátá nìyẹn. Tó bá yà pẹ̀lú 3, mílímítà 1 lára ihò àtijọ́ á ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìyẹn náà ò tíì burú, wọ́ṣà tó nípọn tó sì fẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá wá yà tó mílímítà 5 tàbí 6, kí wọ́n má wulẹ̀ fi fáìlì dá ara wọn lágara, kí wọ́n dí i kí wọ́n tún òmíì lu, a máa débẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da ìṣirò yìí rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn o. Tí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ lọ ra bóòtù 10, sípánà tó ń tú u ló ń sọ, kì í ṣe ara bóòtù. Bóòtù tó ń gba sípánà 10, ara ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 6, ti sípánà 13 ara ẹ̀ jẹ́ 8, ti sípánà 17 ara ẹ̀ jẹ́ 10. Torí náà kí ẹ wọn ara bóòtù gan-an kí ẹ tó pinnu bí ihò ṣe máa tóbi tó. Ihò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bóòtù lọ díẹ̀: bóòtù tí ara ẹ̀ jẹ́ 8, ihò 9 ló dáa fún un, èyí tí ara ẹ̀ jẹ́ 10, ihò 11. Ibi tí 11 tiwa ti wá nìyẹn.

Ó ku bí wọ́n ṣe máa fa àmì, ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà. Àárín ihò tuntun bọ́ sí etí ihò àtijọ́ tàbí inú afẹ́fẹ́, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì gúnlẹ̀ sínú afẹ́fẹ́? Ohun táwọn tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé igi kékeré kan tí ò le púpọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kó ṣe rogodo, wọ́n á fi òòlù gbá a wọnú ihò kó há dáadáa, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú pẹ̀lú irin. Inú ihò ti ní ilẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ pọ́ǹpù padà sórí ìjókòó, wọ́n á fi bóòtù di ìdí àwọn mẹ́ta tó bára mu (bóòtù kékeré ti tẹ́lẹ̀ tó, kí wọ́n rọra tò ó sáàárín), wọ́n á wá fi ìṣó tó mú fa ìlà yíká nínú ihò ẹsẹ̀ pọ́ǹpù. Tí wọ́n bá gbé pọ́ǹpù kúrò, wọ́n á rí òbìrí náà lára irin àti lára igi, wọ́n á wá àárín ẹ̀, wọ́n á tẹ àmì sórí igi yẹn, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì máa gúnlẹ̀ sí.

Òbìrí méjì ni kí wọ́n fà láti ojú àmì yẹn, ọ̀kan tó fẹ̀ tó 10, ìkejì tó fẹ̀ tó 11. Tí ojú irin bá ń dán tí ìlà ò hàn, kí wọ́n fi máákà dúdú kun ún kí wọ́n tó fà á, ìlà á yọ funfun bí ẹ̀là irun. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi pọ́ńṣì tẹ àmì kéékèèké sórí òbìrí tó wà níta, bíi mẹ́jọ yíká. Àwọn àmì yìí ni ẹlẹ́rìí, torí ìlà lè pa rẹ́ níbi tí ọwọ́ àti òróró bá ti ń rà á, àmọ́ ojú pọ́ńṣì ò ní pa rẹ́, tí iṣẹ́ bá sì parí, ìdajì ojú pọ́ńṣì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ṣẹ́kù létí ihò. Èyí tó bá ṣẹ́kù odindi, bíìtì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, èyí tó bá lọ pátápátá, bíìtì ti yà síbẹ̀.

Kí wọ́n wá yọ igi kúrò, kí wọ́n mú fáìlì róbótó. Ẹ̀gbẹ́ tí ihò ń lọ nìkan ni kí wọ́n fá o, kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, ihò 7 tó sún pẹ̀lú 1.5, ẹ̀yìn ẹ̀ ti kan òbìrí 10 tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fá níbẹ̀, iwájú ló ku mílímítà 3, bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa dín kù láti iwájú lọ sẹ́yìn ní ọ̀tún àti òsì. Ihò á kọ́kọ́ dà bí ẹyin, ó máa burẹ́wà, kí wọ́n má bẹ̀rù. Tí fáìlì bá ti dé òbìrí 10 yíká, irin tó kù sínú òbìrí 11 ti di ìdajì mílímítà níbi gbogbo. Ìgbà yẹn ni bíìtì 11 máa wá wọlé, torí ohun tó ń fà á lọ́tùn-ún àti lósì ti dọ́gba, àárín tuntun ló máa dúró sí. Tí wọ́n bá fi bíìtì sí i kí fáìlì tó dé ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí irin ti pọ̀ á tì í padà sọ́dọ̀ ibi tó ṣófo, ibi tó ṣófo yẹn náà sì ni ihò àtijọ́.

Fífá náà ní bó ṣe ń lọ. Tí wọ́n bá ti ń tì í lọ ló ń gé, tí wọ́n bá ń fà á bọ̀ kí wọ́n gbé e díẹ̀, ẹni tó ń ha á lọ ha á bọ̀, eyín fáìlì ẹ̀ ló ń pa. Bí wọ́n ṣe ń tì í kí wọ́n máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́, kó má gbẹ́ kòtò sójú kan. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pa á lára, èérún irin ò ní há sí i léyín. Kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀yìn irin wò, torí ọwọ́ máa ń tẹ̀ láìmọ̀, iwájú á ti dé ojú ìlà nígbà tí ẹ̀yìn ṣì kù.

Àwọn ihò mẹ́ta tó kù, tí wọ́n kàn fẹ́ fẹ̀ láti 7 sí 11 lójú kan náà, dírílì nìkan tó fún wọn, àmọ́ ibí yìí lọ́wọ́ ti máa ń ṣèṣe. Ṣóńṣó tó wà láàárín bíìtì ló máa ń mú kó le láti wọ irin, nígbà tí kò bá ti rí irin tẹ̀, bíìtì á fẹ́ fa ara ẹ̀ wọlé bíi ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé, á gbá irin mú lójijì, irin á yí tàbí kí dírílì fúnra ẹ̀ lọ́ èèyàn lọ́wọ́. Kí wọ́n má fọwọ́ di irin mú láé. Inú fáìsì, irin tó ń gbá nǹkan mú, ni kó wà, tàbí kí wọ́n fi kíláǹpù dè é mọ́ tábìlì. Kí wọ́n má wọ ìbọ̀wọ́ níwájú bíìtì tó ń yí, torí ó lè ká a pọ̀ mọ́ ìka, kí wọ́n sì wọ gíláàsì ojú.

Eré bíìtì náà ṣe pàtàkì. Bíìtì 11 lára irin lásán, bí ìyípo 700 ní ìṣẹ́jú kan tó o, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ dírílì ọwọ́ ló ń sá ju 2,000 lọ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, torí náà kí wọ́n rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n máa kán òróró ẹ́ńjìnnì sí i, tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù kẹrosíìnì ló dáa jù, irin dídà, èyí tí wọ́n yọ́ kí wọ́n tó dà á, gbígbẹ ni wọ́n ń lu ìyẹn. Tí èérún bá ń jáde bó ti yẹ, ọ̀nà méjèèjì ló máa gbà tú jáde, gígùn bákan náà, àwọ̀ irin. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà jáde, ojú bíìtì méjèèjì ò dọ́gba, ihò máa tóbi ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bíìtì lọ. Tí èérún bá ti ń yọ àwọ̀ búlúù tí bíìtì sì ń hanrun, ó ti gbóná jù, kí wọ́n dín eré kù.

Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ara fíríìjì tàbí ìlẹ̀kùn ọkọ̀, bíìtì lásán kì í lu ihò róbótó lára ẹ̀, onígun mẹ́ta ló máa ń ṣe. Kí wọ́n fi igi sí iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi kíláǹpù fún un papọ̀ kí wọ́n tó lu ú, tàbí kí wọ́n wá bíìtì alátẹ̀gùn, èyí tó ń tóbi lọ ní ìpele ìpele, ìyẹn ló rọrùn jù.

Tó bá wá di pé ihò jìnnà jù fún fáìlì, wọ́n á dí i. Wọ́n á gé bóòtù tàbí ọ̀pá irin tó há wọnú ihò, wọ́n á fẹ ẹnu ihò díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí iná wẹ́dà lè ríbi wọ̀, wọ́n á wẹ́ẹ̀dì ojú méjèèjì, wọ́n á fi gíráíńdà tẹ́ ẹ lójú, wọ́n á wá fi pọ́ńṣì tẹ àárín tuntun bíi pé irin ò ní ihò rí. Kí wọ́n jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀ o, àwọn kan máa ń da omi sí i torí kánjúkánjú, ìyẹn lè mú kí ojú ibẹ̀ le, bíìtì á wá máa yọ̀ lórí ẹ̀. Tí ìdajì ihò tuntun bá bọ́ sórí ibi tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì tí ìdajì sì wà lórí irin, bíìtì á fẹ́ yà sí ibi tó bá rọ̀ jù, bíìtì kékeré ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, kí wọ́n rọra. Irin dídà ò ṣeé wẹ́ẹ̀dì báyẹn, ó máa ń sán, kí wọ́n gé ojú lílọ́ bíi ti inú nọ́ọ̀tì sínú ihò kí wọ́n yí bóòtù wọ̀ ọ́ láti dí i.

Nígbà tí dírílì ò tíì dé ilẹ̀ yìí, àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fẹ ihò irin lójú. Wọ́n á ti irin bọ iná, wọ́n á fẹ́ ẹwìrì títí á fi pọ́n, wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sínú ihò, ọmọ owú á máa bọ̀ lórí ẹ̀. Tiwọn ò gé irin dànù rárá, ńṣe ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí ihò á wá nípọn sí i. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ihò wíìlì ọkọ̀, ihò sípírìn-ín, ihò ara ṣáṣí, wọn kì í fá wọn. Ibi tí ẹ̀mí èèyàn bá gbára lé, kí wọ́n pààrọ̀ odindi ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí sísún bá fẹ́ gbé ihò sún mọ́ etí irin jù, láti àárín ihò dé etí, ó kéré tán kó tó ìlọ́po 1.5 fífẹ̀ bóòtù, bóòtù 10 ń fẹ́ mílímítà 15.

Tí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti pé, kí wọ́n fi ọwọ́ yí bíìtì ńlá kan díẹ̀ lẹ́nu wọn kó re èérún tó mú, kí wọ́n fi ọ̀dà kun inú ihò, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ lábẹ́ pọ́ǹpù omi kì í pẹ́ dípẹtà. Kí wọ́n wá ki bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọlé láìtíì fún èyíkéyìí, kí wọ́n fi ọwọ́ mi pọ́ǹpù díẹ̀ kó jókòó, kí wọ́n tó fi sípánà fún un láti igun sí igun.