Ọjà Àkẹ̀sán ni "Ení bí Ení" ti Wá

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi kọjá láàárọ̀, òǹkà kíkà lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Àwọn kan ní òyìnbó ló mú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n á ní Friedrich Froebel, olùkọ́ kan, dá jẹ́lé-ó-sinmi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Bad Blankenburg, ní Jámánì, lọ́dún 1837, àti pé àwọn ajíhìnrere Wesleyan ṣí ilé ìwé ní Àgbádárìgì lọ́dún 1843. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ni wọ́n ṣí; òǹkà kíkà ti wà lẹ́nu ọmọ Yorùbá kí wọ́n tó dé.

"Ení bí ení, èjì bí èjì, ẹ̀ta ń tagbá." Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe hun ún. Ẹ̀ta fara pamọ́ sínú tagbá, ẹ̀wá wà nínú "gbangba lẹ́wàá", kí ọmọ ọdún mẹ́ta má baà gbàgbé. Nígbà tó bá kan ẹ̀sán, wọ́n á ní "mo jà l'Àkẹ̀sán". Ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Àkẹ̀sán ni ọjà ọba tó wà níwájú ààfin Aláàfin, l'Ọ̀yọ́. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ lásán ni, pé ó kàn bá ẹ̀sán ró ni, kò tíì sọ fún wa ìdí tó fi jẹ́ orúkọ ọjà ni wọ́n mú.

Èrò tèmi ni pé ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jà ló kọ́kọ́ ka "ení bí ení", níbi tí wọ́n ti ń ka owó ẹyọ. Láyé ìgbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, wọn kì í kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kà á á da á sílẹ̀, á máa fi ọwọ́ wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tó bá wọ́ ọ, ó di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Adolphus Mann, oníwàásù CMS tó gbé ní Ìjàyè, kọ nípa ọ̀nà ìkàwó yìí lọ́dún 1887, mo sì gbà á gbọ́ ju àwọn òyìnbó tó jókòó sílùú wọn, tí wọ́n ń kọ̀wé nípa wa, lọ.

Ẹ tún wo ẹ̀ẹ́dógún: márùn-ún ló dín nínú ogún. Bó bá ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí ẹni tó ń wọ́ owó pé ogún, ẹ̀ẹ́dógún ló wà nílẹ̀ yẹn. Àádọ́ta ńkọ́? Ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Ọmọ tó bá sì lè pe márùndínláàádọ́ta ti yọ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́nu kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣirò.

Ìyókù kò pẹ́. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1843, A-B-D sì wọ kíláàsì. Ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955. Lọ́dún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà, ní St. Stephen's, Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni lónìí, "wan, tú, tírì" ni. Ó dùn mí, pàápàá l'Ọ̀yọ́ níbi tí ọjà náà ṣì wà. Àwa ọmọ Ọ̀yọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ dá "ení bí ení" padà sí kíláàsì àwọn ọmọ wa, kí olùkọ́ sì kó owó ẹyọ gidi fún wọn láti fi ọwọ́ wọ́.