Athena: Ta ló fún ta lórúkọ, òrìṣà ni àbí ìlú?

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Athena, òrìṣà obìnrin, àti Poseidon, òrìṣà òkun, jọ du ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì. Poseidon mú omi iyọ̀ sun jáde láti inú àpáta, Athena mú igi ólífì hù, ni ìlú bá bọ́ sí Athena lọ́wọ́, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà ní Athens. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n orúkọ fúnra rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ wo ìparí rẹ̀ ní èdè Gíríìkì: Athēnē. Mykēnē, Mytilēnē, Pallēnē, bákan náà ni wọ́n ṣe parí, orúkọ ibùgbé sì ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí èdè Gíríìkì tó dé ló ni ìparí yìí.

Ẹ̀rí tó wuyì jù wà lára wàláà amọ̀ kan tí wọ́n hú jáde ní Knossos, ní erékùṣù Crete, tó ti lé ní 3,200 ọdún. Linear B ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé èdè Gíríìkì àtijọ́ tí Michael Ventris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ojútùú rẹ̀ ní 1952. Sílébù ni ọ̀pọ̀ àmì rẹ̀ dúró fún, kò sì rọrùn láti fi kọ kọ́ńsónáǹtì méjì tó lé ara wọn. Bí ẹnu Yorùbá ṣe ki fáwẹ̀lì bọ àárín kọ́ńsónáǹtì "bread" àti "slate" tí wọ́n fi di búrẹ́dì àti síléètì, bẹ́ẹ̀ gan-an ni akọ̀wé Knossos ṣe fún potnia, ìyáàfin ọlọ́lá. Ohun tó kọ ni a-ta-na-po-ti-ni-ja. Àwọn kan máa ń sáré kà á sí "Ìyáàfin Athena". "Ìyáàfin ti Atana" ló bá ìṣe ibẹ̀ mu jù, torí wàláà mìíràn láti Knossos náà ka ìkòkò oyin kan fún gbogbo òrìṣà, ìkòkò oyin kan fún Potnia ti Labyrinth, tí í ṣe orúkọ ibì kan. Ibi tí obìnrin wà ni wọ́n fi ń pè é.

Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú wá tajà n'Ìbàdàn, Ìyá Ìjẹ̀bú ni. Ọdún á gorí ọdún, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọjà náà ò ní mọ orúkọ mìíràn fún un, alájọ gan-an á kọ Ìyá Ìjẹ̀bú sínú ìwé. Àwọn ará Athens náà ṣe bẹ́ẹ̀. Athēnaia ni wọ́n kọ sára òkúta wọn àtijọ́, ìyẹn "obìnrin ará Athens". Ẹnu ló gé e kúrú di Athēnā.

Nínú Cratylus, ìwé tí Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì, kọ, ó mú kí Socrates, olùkọ́ rẹ̀, fa orúkọ náà ya sí theos àti noēsis, ọlọ́run àti òye, títí dòní làwọn èèyàn sì ń pín in kiri pé ọgbọ́n ni Athena túmọ̀ sí. Oríkì nìyẹn. Ó yẹ ẹ́ dáadáa, àmọ́ kì í ṣe orírun orúkọ rẹ̀.

Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, kò tilẹ̀ ya orúkọ òrìṣà àti ti ìlú sọ́tọ̀. Nínú ìwé keje Odyssey, ewì rẹ̀, òrìṣà Athēnē kúrò ní ilẹ̀ Scheria, ó dé Marathon, ó dé ìlú Athēnē onígboro fífẹ̀, ó sì wọ ilé Erechtheus, ọba ibẹ̀.