Kọ́ńtíróòlù: ohun tí àyẹ̀wò báyọ́lọ́jì kò lè ṣe aláìní

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bu ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí ewédú, ewédú náà sì gbèrú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìgbẹ́ adìyẹ ló mú un gbèrú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, oòrùn náà ràn, ewédú sì jẹ́ ohun tó máa ń hù fúnra rẹ̀ bó bá ti rí ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò ní gbèrú báyìí ká ní o ò bu nǹkan kan sí i?" kò ní rí èsì fọ̀. Ohun tí kò ní lọ́wọ́ yẹn ni àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì ń pè ní kọ́ńtíróòlù: ewédú mìíràn, irúgbìn kan náà, ilẹ̀ kan náà, omi kan náà, tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bu ìgbẹ́ adìyẹ sí.

Kọ́ńtíróòlù ni apá àyẹ̀wò tí a fi ń wọn apá kejì. Gbogbo ohun tí a bá ṣe sí apá kejì la máa ń ṣe sí i, àfi ẹyọ ohun kan tí à ń ṣèwádìí rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, àti akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé tó ń kà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń ṣe: kí ni ẹ̀wà nílò kó tó lè hù? Ife mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń tò. Wọ́n á tẹ́ òwú sínú wọn, wọ́n á gbé ẹ̀wà lé e lórí. Wọ́n á fi omi rin òwú ife kìíní, wọ́n á gbé e sórí tábìlì. Ó ní omi, ó ní afẹ́fẹ́, ó sì ní ooru, òun ni kọ́ńtíróòlù. Ife kejì kò ní rí omi rárá. Ní ti ìkẹta, omi tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù ni wọ́n á bù bo ẹ̀wà náà mọ́lẹ̀, wọ́n á wá da òróró díẹ̀ sójú rẹ̀. Sísè ló ń lé ọ́síjìn inú omi jáde, òróró ni kì í jẹ́ kí òmíràn wọlé. Ìkẹrin, tí òwú rẹ̀ tutù bíi ti ìkíní, inú fíríìjì ló ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀wà ife kìíní á ti yọ gbòǹgbò. Ti ìkejì á gbẹ bó ṣe wà, ti ìkẹta lè wú, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà.

Ẹ wá padà wo ife kẹrin yẹn dáadáa. Èsì tí ọ̀pọ̀ kíláàsì máa ń kọ ni pé òtútù ni kò jẹ́ kó hù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ilẹ̀kùn fíríìjì, iná inú rẹ̀ máa ń kú ni, inú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ojú ìmọ́lẹ̀ sì ni ife kìíní wà lórí tábìlì. Nǹkan méjì ló yàtọ̀ nígbà náà, òtútù àti òkùnkùn, kò sì sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan báyìí ló fà á. Ẹni tó ti gbin ẹ̀wà rí á sọ pé abẹ́ ilẹ̀ ló kúkú ti ń hù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Òótọ́ ni, àmọ́ oko ló ti mọ ìyẹn, kì í ṣe inú ife mẹ́rin wọ̀nyí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí wọ́n rin òwú ife karùn-ún, kí wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó wà nínú òkùnkùn láìsí òtútù. Ife inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn gan-an ni kọ́ńtíróòlù ife inú fíríìjì. Bí ó bá hù tí ti fíríìjì kò sì hù, a lè wá máa dárúkọ òtútù. (Níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, kúlà tí wọ́n kó yìnyín sí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀, á sàn ju fíríìjì tó ń tutù tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ.) Ife kẹta náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, nítorí pé inú omi ni ẹ̀wà rẹ̀ rì sí, tí ti ìkíní kàn jókòó sórí òwú. Mo máa ń fẹ́ kí olùkọ́ fi ìyẹn sílẹ̀ fún kíláàsì láti bá ara wọn jiyàn lé lórí.

Hóró kan nínú ife kò tó. Ẹ̀wà kan lè ti kú kó tó dé ọjà, kòkòrò sì lè ti dá ihò sí òmíràn lára. Hóró 10 nínú ife kọ̀ọ̀kan, láti inú ẹ̀wà kan náà, tí wọ́n ti ṣa èyí tó ní ihò kúrò, ló dáa. Bí 9 bá hù níhìn-ín tí ìkankan kò sì hù lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1 sí 0, ó lè jẹ́ kòńgẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé nǹkan méjì kò gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà yìí ti pẹ́. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù gbà pé ara ẹran tó ń jẹrà ni ìdin ti ń ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀. Ní 1668, oníṣègùn ará Ítálì kan, Francesco Redi, tẹ àyẹ̀wò tó ṣe lórí rẹ̀ jáde. Ó kó òkú ejò, ẹja àti ẹran ọmọ màlúù sínú ìgò, ó dé àwọn kan pinpin, ó sì ṣí ìyókù sílẹ̀. Inú àwọn tó ṣí sílẹ̀ nìkan ni ìdin ti yọ. Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni, alátakò á ti rí ọ̀rọ̀ sọ: ìdérí tí kò jẹ́ kí eṣinṣin wọlé wá yé ẹyin tó ń di ìdin náà ló dí afẹ́fẹ́, bóyá àìrí afẹ́fẹ́ ni ìdin kò ṣe yọ. Redi wá tún un ṣe. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi bo ẹnu ìgò lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá tí eṣinṣin kò lè gbà wọlé. Ìdin kò yọ lára ẹran inú rẹ̀, eṣinṣin sì ń yé ẹyin sórí aṣọ lókè. Orí ẹja díẹ̀, ìgò àti àwọ̀n ẹ̀fọn ti tó fún kíláàsì láti ṣe é, bí wọ́n bá lè fara da òórùn rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí yàrá ìkàwé.

Nígbà mìíràn, kọ́ńtíróòlù àti ohun tí à ń yẹ̀ wò lè wà lára ewé kan náà. Bí wọ́n bá fi fóìlì bo apá kan ewé tó ṣì wà lára igi láti mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe fún un, apá tí oòrùn ń rí ni kọ́ńtíróòlù fún apá tó wà lábẹ́ fóìlì. Igi kan náà, gbòǹgbò kan náà ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì kéré.

Kọ́ńtíróòlù oríṣi kejì tún wà, tí àwọn olùkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a fẹ́ mọ̀ bóyá itọ́ ẹnu ń mú kí stáàṣì dà, bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn. A ó po stáàṣì ẹ̀gẹ́ fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, a ó jẹ́ kó tutù, a ó sì pín in sí ìgò kékeré méjì. (Kí wọ́n má fi ògì ṣe é. Kíkan ògì kì í jẹ́ kí itọ́ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.) Itọ́ ń lọ sínú ọ̀kan, omi tó pọ̀ tó itọ́ náà ń lọ sínú ìkejì. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, a ó kán áyódíìnì, oògùn tó máa ń sọ stáàṣì di dúdú, sí méjèèjì. Èyí tó ní omi á dúdú bí aró, nítorí stáàṣì ṣì wà níbẹ̀. Ti itọ́ á ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú áyódíìnì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé áyódíìnì yẹn ṣì dáa? Ó lè ti pẹ́ jù nínú àpótí. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ká kán an sórí gaàrí díẹ̀, tí a mọ̀ pé stáàṣì kún inú rẹ̀. Gaàrí yẹn ni kọ́ńtíróòlù tó gbọ́dọ̀ sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" dandan. Bí kò bá dúdú, áyódíìnì ló bà jẹ́.

Ọ̀nà tí mo rò pé ó ń kọ́ ọmọ jù ni kí olùkọ́ má kọ ìlànà sórí bọ́ọ̀dù. Kó kó ife, òwú àti ẹ̀wà fún wọn, kó sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan: kí la fẹ́ yí padà, kí la máa kà tàbí wọ̀n, kí la máa fi wé e. Kí ẹgbẹ́ kan gba ìwé ẹgbẹ́ kejì, kó máa wá nǹkan kejì tó yí padà nínú rẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n á rí i. Ojú ọmọ máa ń mú lórí àṣìṣe ọmọ mìíràn.

Ní ti ohun tí wọ́n máa ṣe bí kọ́ńtíróòlù fúnra rẹ̀ bá dà wọ́n, tí ẹ̀wà ife kìíní tó ní gbogbo nǹkan kò hù, kò sí ohun tí ìyókù lè sọ fún wọn mọ́. Kí wọ́n má pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé, kí wọ́n má sì kọ èsì tí ìwé sọ pé ó yẹ kó jáde. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n fi déètì sí i, kí wọ́n sì lọ wá ẹ̀wà mìíràn.