Íńtálọ́ọ̀kì tó ń mu omi: kí ló dé tí kò mu ún mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, irú íńtálọ́ọ̀kì tí omi ń gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀ ni wọ́n bá wa tò sí àgbàlá wa ní Ìkòròdú. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí òjò bá ti dá, ilẹ̀ á gbẹ. Lóṣù kẹfà yìí, omi dúró níwájú géètì di ọjọ́ kejì. Ṣé wọ́n lù wá ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Má tíì bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló dí. Àlàfo àárín búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bíi hóró ọkà bàbà kún, ni omi ń gbà lọ bá òkúta ńláńlá tó wà nísàlẹ̀, kó tó wá rọra wọ ilẹ̀. Erùpẹ̀ kíkúnná ló ń dí àlàfo yẹn. O ṣáà mọ ilẹ̀ pupa wa: bó gbẹ, eruku; bó rin, ẹrẹ̀. Táyà mọ́tò tó ti títì tí kò lọ́dà wọlé, ẹrẹ̀ ló gbé bọ̀, iwájú géètì ló sì ti ń gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ dí.

Ìbéèrè: Ṣé a máa hú gbogbo rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó tì o. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí náà kì í jìn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Fi ọ̀bẹ họ àlàfo kan wò. Òkè rẹ̀ á pupa, á le koránkorán. Bó o bá họ ọ́ wọlẹ̀ díẹ̀, wàá kan òkúta tó mọ́. Da ife omi kan sí ibi tó o họ, kó o da òmíràn sí ibi tó o kò fọwọ́ kàn. Wàá rí ìyàtọ̀.

Họ ìdọ̀tí náà kúrò, gbá a, kó o kó o jáde nínú ọgbà, kó o wá da òkúta wẹ́wẹ́ tuntun sí i. Òkúta ni mo wí o! Àwọn tó ń to íńtálọ́ọ̀kì lásán, iyanrìn ló mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì fẹ́ gbá a sínú àlàfo náà. Má gbà fún wọn; iyanrìn á tún dí i ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ńkọ́?

Ìdáhùn: Bó o bá dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ gbọnrangandan, ṣe ló máa ti ẹrẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ ò lè dé. Lókè òkun, ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí sókè ni wọ́n ń lò. Ìgbálẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì líle tó wa: lò wọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tó bá sinmi lóṣù kẹjọ.

Ìbéèrè: Koríko ti ń hù láàárín rẹ̀.

Ìdáhùn: Erùpẹ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Fà á tu nígbà tó ṣì kéré, kó o sì wo ẹ̀gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ gbin òdòdó sí: bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ga ju íńtálọ́ọ̀kì lọ, gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ló ń gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ wá sórí rẹ̀. Gbẹ́ ilẹ̀ náà wálẹ̀.

Má sì jẹ́ kí bíríkìlà po kọnkéré sórí rẹ̀. Ẹnì kan ṣe é fún mi rí. Omi sìmẹ́ńtì wọ inú àlàfo, ó sì dì. Ìyẹn ò ṣeé họ. Búlọ́ọ̀kù bí ogún la hú.