Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ń Jẹ Bátìrì Yín, Ooru Ni

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ní Ìbàdàn, ọkọ̀ oníná mẹ́rin ni wọ́n ti gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Challenge, ẹjọ́ kan náà sì ni gbogbo wọn ń rò: "Ẹnjiníà, òtútù ti mú bátìrì mi, kì í gbé mi jìnnà mọ́." Ọ̀kan nínú wọn ń ki bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ọkọ̀ lálaalẹ́. Òmíràn ń gbé tirẹ̀ sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta kó tó ṣáàjì rẹ̀. Ìyá kan ní tirẹ̀, ẹni tó ń gbàdúrà fún wọn ló ní kí wọ́n ta òróró sí ojú ihò tí wáyà ṣáàjì ń wọ̀. Mo fi òwú àti sípírítì nu àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gbà kí iná wọ ọkọ̀ yẹn.

Òótọ́ ni ohun tí ẹ ń wò nínú fídíò, tí òtútù ń dá ọkọ̀ oníná dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú yín ni wọ́n ti yà á. Ní oṣù kìíní 2024, òtútù burúkú mú ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ oníná tò lọ rẹrẹẹrẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì, òmíràn kú síbẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ AAA ti àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà dán ọkọ̀ oníná márùn-ún wò nínú òtútù tó fi nǹkan bíi dígírì 7 lọ sísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí wọn kò tan hítà, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn ọkọ̀ ló dín. Nígbà tí wọ́n tan hítà, ó di ìdá 41. Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì yẹn dáadáa: hítà ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì epo dà bí ìyá alákàrà ní ìdájí. Àkàrà ló ń dín, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó dúró tì í ló ń yáná lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó lé ní ìdajì nínú epo tí ẹ ń rà ló ń di ooru, òun sì ni wọ́n ń darí sínú ọkọ̀ nílùú òtútù. Mọ́tò iná kì í fi iná ṣòfò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ààrò tí ẹnikẹ́ni lè yá. Bí ẹ bá fẹ́ ooru, ẹ ó fà á nínú bátìrì kan náà tó ń gbé yín rìn. Bátìrì fúnra rẹ̀ sì ń jìyà: omi inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di bátìrì, máa ń ki nínú òtútù, bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, iná kì í sì í rọ́nà kọjá dáadáa mọ́. Bí ẹ bá ṣáàjì bátìrì lítíọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ oníná, nígbà tí inú rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ òdo, lítíọ́ọ̀mù lè gbára jọ sí ojú kan bí irin, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ kò tún padà bọ̀ sípò mọ́. Ìyẹn ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi máa ń kọ ṣáàjì títí ara bátìrì yóò fi móoru.

Ìbàdàn ńkọ́? Ọyẹ́ tó ń mú wa wọ súwẹ́tà ní ìdájí, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ó bá a ní nǹkan bíi dígírì 18 sí 22. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù fẹ́ràn nǹkan bíi 20 sí 25. Ẹ̀yin lẹ ń gbọ̀n, ara tu bátìrì pẹ̀sẹ̀.

Bí ìrìn bá dín lásìkò ọyẹ́, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi dígírì 6 tutù sí i, páùnù kan ló ń kúrò nínú gééjì táyà. Láti ọ̀sán dé ìdájí, ó lè tó páùnù méjì àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Ó tán.

Ooru ni kí ẹ jẹ́ ká sọ, nítorí òun ni ọ̀tá, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí nípa rẹ̀. Òtútù ń yá ìrìn lọ́wọ́ bátìrì ni. Bí oòrùn bá ràn, ó dá a padà. Ooru kì í dá tirẹ̀ padà. Ní 2012, àwọn tó ní ọkọ̀ oníná Nissan Leaf ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná janjan, figbe ta pé bátìrì àwọn ń gbó láìtọ́jọ́. Bátìrì ọkọ̀ yẹn kò ní omi tó ń tù ú lára. Irú rẹ̀ sì wà nínú tòkunbọ̀ tí ẹ ń rà wọlé. Ẹ máa ti Èkó dé lọ́sàn-án gangan, ara bátìrì ń jó, ẹ ó kì í sí iná lójú ẹsẹ̀, ẹ ó kún un dé ọgọ́rùn-ún, ẹ ó wá fi í sínú oòrùn títí dọjọ́ kejì. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòji. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ dá ṣáàjì dúró ní 80 bí ẹ kò bá rìnrìn-àjò lọ́la.

Ẹ sì jìnnà sí àwọn tó ń sọ pé àwọn yóò rọ ásíìdì sí i. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò ní ihò tí à ń rọ nǹkan sí. Iná ilé yín, fóòtì 230 ni. Tinú bátìrì ọkọ̀ oníná sábà máa ń lé ní 350. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti ń ṣe réwáyà láti ogún ọdún, síbẹ̀ mo padà lọ jókòó kọ́ ti ọkọ̀ oníná kí n tó tú ọ̀kan.

Ní ọyẹ́ èṣí, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà pè mí láti Akóbọ̀. Ọmọ wọn tó wà ní Winnipeg, ní Kánádà, ló ra ọkọ̀ fún wọn. Ọmọ náà ti sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ òun, wọ́n máa ń jẹ́ kí bátìrì móoru kí wọ́n tó ṣáàjì rẹ̀. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ lọ́hùn-ún, òtútù wọn sì lè fi dígírì 30 lọ sísàlẹ̀ òdo.

"Ẹnjiníà, ọkọ̀ yìí ń ké, àmì pupa kan sì yọ lójú rẹ̀."

"Kí lẹ ṣe sí i, sà?"

"Mo kàn ní kó yáná díẹ̀ ni. Mo gbé àdògán sábẹ́ rẹ̀."

Mo kígbe pé kí wọ́n fi ọkọ́ fa àdògán náà jáde, kí gbogbo ará ilé bọ́ síta. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Akóbọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹyin iná ṣì ń pọ́n lórí simẹ́ńtì, rọ́bà dúdú tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ti rọ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, gbogbo àyíká sì ń rùn bí kóòmù tó jóná. Mo so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn: apá kan bátìrì wà ní dígírì 29, apá kejì ní 58. Sẹ́ẹ̀lì tí ooru rẹ̀ bá ti kọjá ààlà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ dáná ni, iná tí à ń pa tó tún ń sọ. A ti ọkọ̀ náà jáde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé dé àárín pápá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lókèèrè, mo ń lọ wo nọ́ńbà náà, mo ń padà, títí di ọ̀sán tó fi sọ̀ kalẹ̀ sí 34.

Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta kò bá àwọn yòókù dọ́gba mọ́. Tẹ́lẹ̀, Bàbá máa ń ti Akóbọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ kí wọ́n sì padà láìṣáàjì lọ́nà. Ní báyìí, ilé àna wọn ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń ki wáyà bọ iná, wọn a sì jókòó dè é fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó lè darí wálé.